Ohun Tó Wà Lábẹ́ Símẹ́ńtì Ojúde Wa

Ọkọ mi Ṣàíbù kì í jókòó. Bó bá jẹun tán, ó ti dìde. Bó bá kírun tán, kí á tó ṣe àmín àdúà, ojú rẹ̀ ti wà lára bàtà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i rí kó fìdí kalẹ̀ nínú ilé fún wákàtí kan gbáko, àfi tó bá sùn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tó bá jókòó fún wákàtí kan, màá din àkàrà ṣe sàráà fún gbogbo Ẹnu Ọ̀wá, àdúgbò wa. Á ní kí n lọ máa rẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti wà níta.

Inú ihò nìkan lara rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Jọ́ńtà ni, ẹni tó ń so wáyà tẹlifóònù lábẹ́ ilẹ̀, láti ọdún 1951. Kò sí òpópónà kan láti Oníkàn dé Apọ́ngbọ̀n tí kò tíì wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ṣí ìdérí irin, wọ́n á gbọ́n omi jáde, òun á wá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń jókòó lé, á máa so wáyà tó tín-ín-rín bí òwú mi, igba, ọ̀ọ́dúnrún, oníkálukú mọ́ èkejì rẹ̀, láìṣi ọ̀kan. Télọ̀ ni èmi Hàwáwù, mo mọ ọwọ́ tó mọṣẹ́ bí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, mo máa ń jowú ihò yẹn. Kí ló ń rí níbẹ̀ tí kò rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?

Nígbà tó di ọdún 1978, àìfarabalẹ̀ rẹ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń jáde lọ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ojúde wa ló ń rìn yí po láràárọ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Mo wà nídìí maṣíìnì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wò ó. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rí i pé ibì kan wà tó ń rìn yí po, tí kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Mo sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n bò ó.

Ilé ìyá rẹ̀ là ń gbé, ní ìtòsí Ìga, ààfin Ọba Èkó. Àmúdàtù ni ìyá náà ń jẹ́, ọdún 1971 ló kú. Kòtò wáyà kan wà lójúde wa nígbà náà, ìdérí rẹ̀ ti ṣẹ́ lápá kan, omi ìdọ̀tí sì máa ń ru jáde níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀. Níbo la fẹ́ tẹ́ ẹní sí fún àwọn àlùfáà? Mo ní, "Bàbá Rafíátù, ẹ jẹ́ ká da símẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀." Ó ní ohun ìjọba ni. Mo ní ìjọba ò ní wá jókòó sí fìdáù. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Òun àti bíríkìlà kan ni wọ́n jọ dà á kárí ojúde, tí ojú kòtò ò fi hàn mọ́. Kó tó gbẹ, Ṣàíbù mú ìṣó, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i: ÀMÚDÀTÙ ÀBẸ̀KẸ́. Nígbà tó dé ibi Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́ tó pa á rẹ́, ọwọ́ tó ń so ọ̀ọ́dúnrún wáyà láìṣi ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àlhájà Àlímọ̀t, kò sí nílé nígbà tí ikú náà dé. Mẹ́kà ló wà. Nígbà tó fi máa padà, ilẹ̀ ti gba ìyá rẹ̀, fìdáù ti kọjá, oúnjẹ ti tán nínú ìkòkò. Orúkọ tó wà lára símẹ́ńtì yẹn nìkan ló bá. Ó wólẹ̀ tì í pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò lọ́rùn, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ọjọ́ yẹn, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ibẹ̀ ni Àlhájà máa ń tẹ́ ẹní sí, á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Òun ni olórí ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ gba ojúde kọjá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà.

Ní ọdún 1973, Ṣàíbù mú ìwé kan bọ̀ láti ọ́fíìsì. Wọ́n fẹ́ mọ gbogbo kòtò tí kọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì yìí, wáyà ni, tí wọ́n ká mọ́ irin, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú agolo ńlá kan. Bí ohùn bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn lórí wáyà, á máa kú díẹ̀díẹ̀. Kọ́ìlì ló ń gbé e ró. Ọwọ́ Ṣàíbù fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kan sínú kòtò ojúde wa ní ọdún 1958. Ó dúró lórí mi, ìwé lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á wá fọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Mo ń lọ bùbá oníbàárà lọ́wọ́. Mi ò tilẹ̀ gbé orí sókè. Mo ní, "Ta ni yóò wá wò ó? Ẹ kọ ọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tiwa ò tilẹ̀ tó ogún.

Ohun tó lé e bá ni Ẹnjiníà Ọláolúwa. Ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni, òǹkàwé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Lásìkò yẹn, wáyà Èkó ti kún. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ tẹlifóònù, bẹ́ẹ̀ wáyà méjì kì í gbà ju ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá gbé e sétí, o lè dúró títí ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ á fi di ọ̀rọ̀ àná. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láti Oníkàn dé Àpápá, kí wọ́n ri wáyà tuntun. Ọláolúwa ní kò pọn dandan. Ó ní ẹ̀rọ kan ti dé tó lè mú wáyà mẹ́rin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá sílé wa lọ́jọ́ kan, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà, torí ọmọ náà ò ní ìgbéraga. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ọgbọ̀n ènìyàn nídìí ẹ̀rọ omi kan. Dípò kí ẹnì kan gba omi títí korobá rẹ̀ á fi kún, kí oníkálukú bu ife kan, ife kan, kó sì yára débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun dúró." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe ohùn. Á gé e wẹ́wẹ́, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á fún oníkálukú ní àyè tirẹ̀, títí á fi dé òdìkejì tí wọ́n á tún un tò di ohùn. Ó ní lókè òkun, wọ́n tilẹ̀ ti ń fi ìmọ́lẹ̀ rán ọ̀rọ̀ nínú dígí tó tín-ín-rín bí irun orí, èyí tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àti pé lọ́jọ́ kan ó ń bọ̀ ní Èkó.

Ṣàíbù bú sẹ́rìn-ín. "Dígí, Ẹnjiníà? Ta ló fẹ́ so dígí pọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ọwọ́ yín ni wọ́n máa wá."

Mo rí ojú ọkọ mi bí Ẹnjiníà ṣe sọ ìyẹn. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Kò pẹ́ tí inú dídùn náà fi kúrò níbẹ̀, torí ohun tí Ọláolúwa sọ tẹ̀lé e ni pé kọ́ìlì ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà. Kọ́ìlì dára fún ohùn tó ń rọra lọ. Àwọn nọ́ńbà yìí ń sáré jù fún un, á kàn gbé wọn mì ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ gbogbo kọ́ìlì kúrò lójú ọ̀nà, kó má ku ẹyọ kan. Láti ọjọ́ kejì ni Ṣàíbù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ojúde po.

Wọ́n yọ èyí tí ìwé sọ. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò gbé nǹkan kan dé Àpápá. Ọláolúwa fi irinṣẹ́ rẹ̀ wọn wáyà, ó ní ìdíwọ́ náà wà láàárín Oníkàn àti Apọ́ngbọ̀n, kì í ṣe lórí afárá rárá. Wọ́n gbẹ́ ibì kan, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n gbẹ́ ibì kejì. Àwọn ọlọ́jà ń ṣépè fún wọn, mọ́tò ò ráyè kọjá. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ti ń sọ pé ìwé lásán ni ọmọ Èkìtì yẹn kà, kò mọṣẹ́. Ọ̀gá wọn pátápátá fún un di aago mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ̀rọ ò bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, wọ́n á dì í lọ sí Kàdúná, Ọláolúwa á sì lọ máa ṣọ́ ilé ẹrù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ló wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́. Ẹrẹ̀ wà lára ṣòkòtò rẹ̀ títí dé orúnkún. Àárín ojúde gan-an ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Àlhájà, tó kí i tán tó tún ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ abẹ́ ilẹ̀ yìí ju ìwé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí kọ́ìlì kankan tí wọ́n gbàgbé?"

Abẹ́rẹ́ maṣíìnì mi dúró. Mo gbọ́ tí ọkọ mi dáhùn.

"Kò sí, Ẹnjiníà."

Ọmọ náà dúpẹ́! Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè kí i pé ó dàárọ̀. Ṣàíbù wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Oúnjẹ tí mo gbé fún un, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, òkèlè mẹ́ta, ó fọwọ́. Inú bí mi. Ìgbà wo lèmi náà fẹ́ fi sinmi nínú ilé yìí?

Nígbà tí a kírun àsúbà tán ní Ọjọ́rú, mo dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Mo ní, "Bàbá Rafíátù, ẹ̀yin lẹ kọ irọ́ yẹn, èmi ni mo pè é fún yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Àlhájà."

"Kò ní gbà."

"Ẹ ṣe mọ̀, nígbà tí a ò tíì bi í?"

A lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú yàrá. Ṣàíbù sọ tirẹ̀, mo sọ tèmi. Àlhájà kò kígbe, ìyẹn ló burú jù. Ó yọ ìborùn rẹ̀, ó tún un wé. Ó ní, "Ṣàíbù, o sin ìyá mi láìsí èmi níbẹ̀. Mi ò bá ọ jà, ẹ̀sìn wa ló ní ká má fi òkú pamọ́. O fún mi ní orúkọ. Ó wá kan kí o fọ́ orúkọ náà nítorí kí àwọn kan lè máa ṣe hẹlóò hẹlóò?" Ó kọjú sí mi. "Àti ìwọ Hàwáwù. Ìwọ lo mú orúkọ ìyá mi tẹ́ sórí kòtò omi ìdọ̀tí, o ò sì sọ fún mi fún ọdún méje." Òótọ́ ni, ó sì dùn mí dé eegun.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ṣàíbù lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó dúró níwájú ọ̀gá wọn, ó jẹ́wọ́. Ó ní òun nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀. Kò dárúkọ mi. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn ọ́fíìsì, lójú ẹsẹ̀, ipò fóòmàn tí wọ́n ti ń gbé bọ̀ fún un sì lọ bẹ́ẹ̀, títí dòní. Ó wá bá Ọláolúwa. Kí ni ọmọ náà máa sọ? Ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ gbẹ́ ẹ ná."

Aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé: Ọláolúwa, òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ṣọ́bìrì àti dígà. Àlhájà ti tẹ́ ẹní. Ó jókòó sórí orúkọ náà gan-an, ẹsẹ̀ méjèèjì nínà gbalaja, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mi."

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Ọ̀kan ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá. Ọláolúwa ní kó panu mọ́. Aládùúgbò ti ń péjọ, oníkálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé nígbà tí a ń wá ẹni máa bá wa gbọ́n omi lójúde ní ìjelòó, a ò rí wọn. Mo dúró láàárín wọn, ọwọ́ lórí. Mo mọ ọkọ mi. Mo mọ̀ pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí po, yóò rìn, yóò rìn, títí aago mẹ́rin á fi lù.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rìn wọ àárín símẹ́ńtì náà, ibi tí kò ti fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ́ìlì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ibi tí Àbẹ̀kẹ́ wà, ó sorí kọ́. Mo rò pé yóò dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Kò dìde. Oòrùn ń gun, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, eṣinṣin bà lé e létí, kò lé e. Àwọn èrò rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ọláolúwa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Èmi ni mi ò lè dúró lójú kan mọ́. Mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé, àfi bíi pé a pààrọ̀ ara.

Nígbà tí aago ogiri wa lu mẹ́wàá, ó ṣì wà níbẹ̀.

Àlhájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyá wa máa ń ní ìdí ẹ kò mọ ilẹ̀. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, okùn ni wọ́n fi so ọ́ mọ́ ìdí àga kí o lè jẹun."

"Mo rántí, Àǹtí mi."

"Títí wọ́n fi kú, wọn ò rí i kí o jókòó tó báyìí."

"Wọn ò rí i."

Omi bọ́ lójú Àlhájà. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ kó fa òun dìde, ó sì ká ẹní rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ ni kí o fọ́ ọ." Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, kó má bàa gbọ́ dígà àkọ́kọ́.

Ṣàíbù fọ́ ọ. Orúkọ náà là sí mẹ́ta. Mo ṣa gbogbo rẹ̀ sínú ìborùn mi, mo gbé e síbi ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdérí irin yẹn yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti dípẹtà. Wọ́n gbọ́n omi títí ó fi gbẹ, ọkọ mi sì sọ̀ kalẹ̀. Agolo kọ́ìlì rẹ̀ wà níbi tó gbé e sí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ó gé wáyà mẹ́rin tí wọ́n nílò kúrò lára rẹ̀, ó so wọ́n tààrà, ó dì wọ́n, ó tún fi òjé di gbogbo rẹ̀ pa. Nígbà tó jáde, òun àti Ọláolúwa wọ mọ́tò ọ́fíìsì, wọ́n gba orí afárá lọ sí Àpápá. Bíríkìlà wá, ó da símẹ́ńtì tuntun yí ìdérí náà ká. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ojú ìdérí sílẹ̀ gbangba.

Aago mẹ́rin kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ kẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá ilé wa sáré wá. Tẹlifóònù wọn ń dún, wọ́n ní Àlhájà ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo mú un lọ́wọ́ lọ. Ó gbé e sétí bí ẹni gbé ẹyin, mo sì fi etí tèmi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn ọkọ mi ni, láti Àpápá, ó mọ́ gaara bíi pé inú yàrá kejì ló wà. Ó ní ènìyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n mìíràn ló ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà mẹ́rin náà pẹ̀lú òun lásìkò yìí. Ó ní Ẹnjiníà ní kí òun pe ẹni tó bá wu òun. Ó wá ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Àlhájà gba tẹlifóònù mú dáadáa. Ó ní, "Símẹ́ńtì ò tíì gbẹ. Máa bọ̀ wá kọ orúkọ ìyá rẹ." Ó sì dá tẹlifóònù padà fún ọmọ kẹ́míìsì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ṣàíbù jókòó ti ìdérí irin yẹn, ó fi ìṣó kọ ọ́ yí i ká, Àlhájà di èjìká rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo din àkàrà, mo pín in láti ilé dé ilé ní Ẹnu Ọ̀wá. Ẹni tó bá bi mí pé sàráà kí ni, mo ní ọkọ mi jókòó.